Níbo Ni Kí Àwọn Ọmọ Wa Ti Ṣeré?

    Nínú ìwé ìròyìn wa yìí, a máa ń sọ ti ẹni tó bímọ, ti ẹni tó gbéyàwó àti ti ẹni tó kọ́lé. Lónìí, a fẹ́ sọ ti àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, àwọn tí a máa ń lé síta nígbà tí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wa ni.

Ọjọ́ ìkómọjáde kan ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé kún, àga kò tó, ọbẹ̀ ń hó lórí iná lẹ́yìnkùlé. Bí a ti máa ń ṣe, a ní kí àwọn ọmọdé bọ́ síta kí wọ́n lọ ṣeré. A kò sọ ibi tí wọn yóò ti ṣe é. Etí títì ni wọ́n lọ, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ó tẹ́jú. Bọ́ọ̀lù yí lọ sójú títì, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan nínú àwọn ọmọ wa sáré tẹ̀ lé e, alùpùpù kan sì gbá a. Ariwo tí a gbọ́ gbé gbogbo wa dìde lórí ìjókòó. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ẹsẹ̀ ni ó kán, kì í ṣe orí. Ọ̀sẹ̀ méje ni ọmọ náà lò nílé kí ó tó tún fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Ó ti padà sí ilé-ìwé báyìí.

Ní ọjọ́ náà, ẹni tó gun alùpùpù ni a kọ́kọ́ bá wí. Nígbà tó di alẹ́, ọmọ ni a bá wí. A ní kò gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí kálukú wa dé ilé rẹ̀ tí oorun kò sì kùn wá, a rí i pé àwa gan-an ni ó yẹ kí a bá wí. Àwa ni a lé ọmọ síta, láì ní ìta tí a lè lé e sí.

Àwọn tó dàgbà nínú wa mọ̀ pé Minna kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni, àwọn aládùúgbò wa tí àwọn obìnrin wọn ń fi èjìká ru ẹrù. Ojú irin ni ó sọ ọ́ di ìlú ńlá. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896, tí ó dé Ìbàdàn ní 1901, àti èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Baro ní 1907, tí ó dé Kano ní 1911, Minna níbí ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Ọkọ̀ ojú irin yìí ni ó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ bàbá wa wá láti Ọ̀fà, láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ìlọrin àti láti ilẹ̀ Ìgbómìnà. Àwọn kan wá ṣiṣẹ́ rélùwéè, àwọn kan wá tajà, nígbà tó yá wọ́n di ará ìlú.

Àwa ọmọ wọn kò mọ ohun tí à ń pè ní àìsí ibi eré. Abẹ́ igi máńgòrò ni a ti ń ta òkòtó. Àárín ilé kan sí èkejì, ilẹ̀ gbalasa ni. Bí a bá lọ sílé lákòókò ọdún, agbo-ilé ni a ti ń ṣeré lábẹ́ òṣùpá, ojú ìyá àgbà kan yóò sì máa wò wá láti ẹnu ọ̀nà bí kò tilẹ̀ dìde. Ní ayé ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń kọ́ ibi eré fún ọmọ, nítorí pé ó ti wà nílẹ̀.

Ní 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀, Minna sì di olú-ìlú. Ní 1983, wọ́n dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀ níbí. Òṣìṣẹ́ ìjọba dé, akẹ́kọ̀ọ́ dé, oníṣòwò dé, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. A kò bá ìdàgbàsókè ìlú jà; lára rẹ̀ ni àwa náà ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n gbogbo ilẹ̀ gbalasa àná ni ó ti di ilé, ti di ṣọ́ọ̀bù, ti di ibi tí wọ́n ń tún ọkọ̀ ṣe. Nísinsìnyí tí ibi eré kò sí nílẹ̀ mọ́, a ní láti dìídì ṣe é ni.

Kí a má bàa jókòó sínú ilé kí a máa ro ohun tí ọmọdé ń fẹ́ fún wọn, àwa mẹ́rin, ìyá méjì àti bàbá méjì, bá àwọn ọmọ mọ́kànlá rìn ní òwúrọ̀ Sátidé kan. A ní kí wọ́n mú wa lọ sí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ṣeré, kí wọ́n má fi ọ̀kan pamọ́. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán wà láàárín wọn. Ó ṣì ń tiro nígbà náà.

Ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wa lọ ni òkìtì yanrìn níwájú ilé tí wọn kò tíì kọ́ parí. Wọ́n ní onílé máa ń lé wọn, ṣùgbọ́n kì í sí níbẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn èyí ni àpáta pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn ilé, tí a ti ń wo òkè Paida lọ́ọ̀ọ́kán. Àpò sìmẹ́ńtì òfìfo ni wọ́n ń jókòó lé, wọn a sì yọ̀ wálẹ̀ lórí rẹ̀. Ojú àpáta náà ti ń dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí a fi ọṣẹ fọ̀. Wọ́n mú wa dé gọ́tà ńlá kan tí wọ́n máa ń fò láti etí kan sí èkejì. Níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìyá mú orí dání, ó ní, “Ibi tí ẹ máa ń wà nìyẹn tí mo bá ní kí ẹ lọ ra maggi?” Ọmọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Ibi ìkẹyìn ni abẹ́ igi máńgòrò kan tí wọ́n so okùn mọ́, lórí ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ wa rà.

Ohun mẹ́ta ni a kọ́ lọ́jọ́ náà tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Èkíní, nínú gbogbo ibi tí wọ́n fi hàn wá, kò sí ọ̀kan tí a fi owó ṣe. Yanrìn, òkúta, igi, omi àti ibi gíga ni. A ti ń sọ pé ẹgbẹ́ kò lówó láti ra jangirọ́fà onírin. Àwọn ọmọ kò sì bi wá léèrè rẹ̀.

Èkejì, ibi tí àwọn ọkùnrin ń lò ni gbogbo wọn. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá kan ni ó là wá lójú. Ó ní àwọn kì í jìnnà sílé, nítorí ìyá lè pè wọ́n nígbàkígbà láti wá gba ọmọ tàbí láti wá fọ abọ́. Ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín ilé méjì ni àwọn ti ń ta suwé, bí ẹni tó ní ilé bá sì da omi síbẹ̀, eré ti parí nìyẹn. A bi í pé kí ni wọ́n fẹ́. Ó ní, “Ibi tí a lè jókòó, tí a bá sì gbọ́ pé wọ́n ń pè wá, a ó lè dáhùn.” Ẹ rò ó wò. Ẹni tó bá fi gbogbo ilẹ̀ ṣe pápá bọ́ọ̀lù, ìdajì àwọn ọmọ wa ni ó ṣe é fún.

Ẹ̀kẹta, ọ̀nà tí a ń gbà dé ibi eré ṣe pàtàkì bí ibi eré fúnra rẹ̀. Ojú títì kan ṣoṣo ni ó wà láàárín ilé wa àti ilẹ̀ ẹgbẹ́. A dúró níbẹ̀ títí, àwa àgbàlagbà mẹ́rin, ọ̀kadà ń kọjá, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń kọjá, kí a tó rí àyè kó àwọn ọmọ kọjá. Ọmọ tó ń tiro ni ó kẹ́yìn. Bí a bá ṣe ibi eré tó dára jù lọ ní Minna, tí ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè dé ibẹ̀, ta ni a ṣe é fún?

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ni ọ̀ràn yìí bá. Ní 1943, nígbà tí ogun àgbáyé ń jà tí àwọn ará Jámánì sì ti gba ilẹ̀ Denmark, wọ́n ṣí ibi eré kan ní Emdrup, ní ìlú Copenhagen. C. Th. Sørensen, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títo ọgbà, ti ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọdé máa ń fi ibi eré tí àgbà ṣe fún wọn sílẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Nítorí náà, pákó àti àlòkù ohun ìkọ́lé ni wọ́n kó fún àwọn ọmọ náà, wọ́n sì fi àgbàlagbà kan sí ọ̀dọ̀ wọn. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, Lady Allen of Hurtwood, rí ibẹ̀ ní 1946. Ó padà sílé lọ sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ sórí ilẹ̀ tí bọ́ǹbù ti wó ilé orí rẹ̀.

Ní Amsterdam náà, Aldo van Eyck tó ń bá ìjọba ìlú yàwòrán ilé ṣe ibi eré kékeré kan ní 1947, ní gbàgede tí wọ́n ń pè ní Bertelmanplein. Ojú yanrìn kan, irin díẹ̀ tí ọmọ lè rọ̀ mọ́, àti ìjókòó fún ìyá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará àdúgbò mìíràn rí i, wọ́n ní kí ó ṣe fún àwọn náà. Nígbà tó fi di 1978, ó ti ṣe ju 700 lọ káàkiri ìlú, ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù láàárín ilé sí ilé, tí ẹnikẹ́ni kò lò.

Nílẹ̀ wa náà, ọgbà ẹlẹ́wà wà. Agodi wà ní Ìbàdàn. Ní Lekki, wọ́n so afárá mọ́ ara igi, ó gùn tó 401 mítà, ọmọ lè máa rìn lókè bí ọ̀bọ. Ṣùgbọ́n owó ni a ń san kí a tó wọ irú ibẹ̀. Ẹni tó bí ọmọ márùn-ún yóò san ti márùn-ún, yóò san tirẹ̀, yóò sì wọ mọ́tò. Irú ìyẹn dára fún ọdún Iléyá tàbí ọdún Kérésì. Eré ọmọdé kì í ṣe ohun ọdọọdún. Lójoojúmọ́ ni, bí oúnjẹ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 sọ ọ́ ní abala 12 pé gbogbo ọmọ ni ó ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti sí eré tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Òfin kò sọ pé ọmọ ẹni tó lówó nìkan.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tó wà lọ́kàn wa. Gbogbo wa mọ ilẹ̀ ẹgbẹ́ tí àwọn àgbà wa rà. A ti ní in lọ́kàn láti kọ́ gbọ̀ngán ìpàdé síwájú, kí a sì fi ṣọ́ọ̀bù yí gbogbo ìyókù ká. A fara mọ́ gbọ̀ngán. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a fi ìdá kan nínú mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí igi máńgòrò wà, fún àwọn ọmọ.

Ohun tí yóò náni kò pọ̀. Yanrìn ọkọ̀ kan yóò ṣe ojú yanrìn fún àwọn kéékèèké, lábẹ́ òjìji, nítorí oòrùn oṣù kẹta ní Minna kì í ṣe ohun àfọwọ́yẹpẹrẹ mú. Nítorí oòrùn yìí kan náà, a kò fẹ́ irin tí ọmọ yóò jókòó lé. Yóò jó o nídìí. Àlòkù táyà kún ọ̀dọ̀ àwọn vọ́káníṣà. A lè rì wọ́n dé ìdajì sínú ilẹ̀ kí ọmọ máa fò wọ́n, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ lu ihò sí ìsàlẹ̀ wọn kí omi òjò má dúró kí ẹ̀fọn sì má pamọ sínú rẹ̀. Ìtì igi tó ti gbẹ yóò ṣe afárá. Ohunkóhun tí ọmọ lè gùn kò gbọdọ̀ ga ju èjìká àgbà lọ, yanrìn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì gbọdọ̀ jìn tó gígùn rúlà ọmọ ilé-ìwé. Káfíńtà wa lè gbẹ́ ihò ayò sórí ìjókòó, kí àwọn ọmọbìnrin lè jókòó bí wọ́n ti wí, kí àwọn bàbá àgbà náà sì ní ìdí láti wá jókòó síbẹ̀. Ojú àgbà lára ibi eré sàn ju ọgbà onírin lọ. Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kí a gbin dongoyárò sí ẹ̀gbẹ́. Ó tètè ń dàgbà.

Ní ti ọ̀nà, a ti fi ẹsẹ̀ kà á. Bí a bá gba ojú ọ̀nà inú, tí a yà fún títì ńlá, kò ju ẹgbẹ̀rún kan ìgbésẹ̀ àgbà lọ. A lè fi òkúta tí a kùn ní ọ̀dà funfun ṣe àmì láti ìkóríta dé ìkóríta, kí ọmọ tó mọ òkúta má ṣìnà. Níbi tí ọ̀nà bá ti yà, kí ohun kékeré kan wà tí ọmọ yóò ṣe: níhìn-ín suwé tí a fi ọ̀dà yà, lọ́hùn-ún ìtì igi tí yóò tọ̀, níwájú òkúta mẹ́ta tí yóò fò. Nígbà náà, ọ̀nà pàápàá ti di eré. Kí ó fẹ̀ tó kí ọmọ tó ń fi ọ̀pá rìn lè kọjá. A ti rí ìdí rẹ̀. Ní ibi títì kan ṣoṣo yẹn, kí a tọ Mai Unguwa àti ìjọba ìbílẹ̀ lọ pé kí wọ́n jẹ́ kí a ṣe òkè kékeré tí yóò mú ọ̀kadà rọra. Kí ó tó di ìgbà náà, kí òbí kan máa dúró níbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ṣọ́ọ̀bù ni yóò mú owó wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí kò mọ ilẹ̀ ẹgbẹ́ yìí sí ibì kan ju ibi tí bàbá rẹ̀ ti ń gba owó ṣọ́ọ̀bù, kí ni yóò fi dá a dúró tí a bá ti lọ?

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn ọmọ tí kì í ṣe tiwa yóò kún ibẹ̀. Èyí ni a fẹ́ dáhùn dáadáa. Ní Sátidé tí a wí yẹn, àwọn ọmọ wa ń fi Hausa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ilé títí a fi dé abẹ́ igi máńgòrò. A kò bínú. Hausa ni èdè ọjà ìlú yìí, àwa náà ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sinmi, ìyá tó mú orí dání níbi gọ́tà fi gèlè rẹ̀ di ọmọ kan lójú, ó sì bẹ̀rẹ̀ bojúbojú. Yorùbá ti ẹnu gbogbo wọn jáde lójijì. Àwọn ọmọ Gbagyi méjì àti ọmọ Tápà kan tó ń wò wá láti ẹ̀gbẹ́ sún mọ́ wa. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn náà ń gbè é. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ráhùn pé èdè wa ń kú lẹ́nu àwọn ọmọ. A ti gba tíṣà rí láti kọ́ wọn lọ́jọ́ Sunday, wọn kò wá. Abẹ́ igi ni èdè náà ti dìde, láàárín àlejò, kò sì sí ẹni tó na ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ aládùúgbò wá. Ilẹ̀ bàbá wọn ni a dé, wọ́n sì gbà wá.

Ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ ni a ó ti dìbò lórí ilẹ̀ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rán ènìyàn, ẹ wá fúnra yín, kí ẹ sì mú àwọn ìyàwó yín wá, nítorí àwọn ni wọ́n mọ iye ìgbà tí ọkàn wọn ń fò lóòjọ́ tí ìró táyà bá han lójú títì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ ti fi ibi tí wọ́n ń lọ hàn wá; ibi tí ọwọ́ wọn kò tó ni ó kù fún wa.

Bí ìpàdé bá gbà bẹ́ẹ̀, Sátidé tó bá tẹ̀ lé e ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tó ní àdá mú àdá wá, kí ẹni tó ní ọkọ́ mú ọkọ́, kí ẹni tó mọ vọ́káníṣà bá wa bẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán ti bẹ̀ wá pé òun ni kí a jẹ́ kí ó kùn òkúta àkọ́kọ́ ní ọ̀dà funfun. A ti ṣe ìlérí fún un. Ẹ má jẹ́ kí a ya onírọ́ lójú ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Ó dàbọ̀. Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí o.